Ohun tí Windows Vista Béèrè, àti Bí Ó Ṣe Kàn Wá ní Igangan

Kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé dàgbà jù mí lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà ní SS2 níbí ní Igangan. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ló ni ẹ̀rọ náà. Inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wọn ló wà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti lẹ́tà àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Àǹkárá àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń bò ó nítorí eruku. Tí wọ́n bá tàn án, Windows XP ló máa ń jáde, pẹ̀lú òkè tí koríko tútù bò àti ojú ọ̀run tó mọ́ kedere.

Nígbà tí mo wà ní JSS1, mo bi Bàbá Kékeré léèrè pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà wọn kò rí bíi ti olùkọ́ wa. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, Vista ló dá a padà sẹ́yìn." Mo rò pé ènìyàn ni Vista. Mo tilẹ̀ rò pé ẹni náà jẹ wọ́n lówó.

Nígbà tí wọ́n ní ká kọ ìtàn ohun kan tó kan ìlú wa fún ìdíje yìí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi yóò kọ nípa ogun àti nípa bí a ṣe tẹ ìlú dó. Èmi fẹ́ kọ nípa ohun tí wọ́n pinnu ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, tó sì jẹ owó ẹ̀gúsí ìyá àgbà mi ní ọdún 2008.

Windows ni ètò tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò. Òun ló ń gba ohun tí a bá tẹ̀, òun náà ló ń gbé e jáde lójú mọ́nítọ̀. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ló ṣe é. XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, kò sì béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. RAM 64 MB ni ó kéré jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 128 MB ni wọ́n ní ó máa tù ú lára. Ní ti àwòrán, kí ẹ̀rọ ṣáà lè fi ẹ̀kán àwọ̀ 800 hàn ní ìbú àti 600 ní ìnàró, ó parí.

Vista ló tẹ̀lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ rí i rà ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2007. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé rárá ni ariwo ohun tí yóò béèrè ti gba ayé kan, pàápàá ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ káàdì àwòrán, ìyẹn graphics card.

Ẹni tó bá ti lo XP rí yóò rántí pé bí ẹ̀rọ bá há, tí o sì ń fa fèrèsé kan kiri ojú mọ́nítọ̀, ńṣe ni fèrèsé náà yóò máa fi òjìji ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bí ìgbín ṣe ń fi ipa sílẹ̀ lára ògiri. Ìdí rẹ̀ ni pé pátákó kan ṣoṣo ni gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà jọ ń kọ nǹkan sí. Bí fèrèsé kan bá kúrò níbì kan, ètò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò tún ibẹ̀ kùn. Bí ètò náà kò bá ráyè, ibẹ̀ á dọ̀tí bẹ́ẹ̀.

Vista pa ìyẹn tì. Ó fún fèrèsé kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, ó wá ń to àwọn aṣọ náà lé ara wọn bí aṣọ egúngún, ìpele lórí ìpele. Etí fèrèsé sì dà bíi gíláàsì, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa hàn fírífírí. Aero ni wọ́n pe ìmúra yìí. Mo ti rí àwòrán rẹ̀, ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni wọn yóò kó gbogbo aṣọ yẹn sí? Inú ìrántí káàdì àwòrán ni. Ta ni yóò máa tò ó, tí yóò máa tún un tò bí o bá ṣe ń fa fèrèsé kiri? Káàdì náà ni.

Ìdí nìyí tí Microsoft fi là á sílẹ̀ pé káàdì tó bá máa gbé Aero gbọ́dọ̀ mọ DirectX 9, kí Pixel Shader 2.0 wà nínú irin rẹ̀ gan-an, kí ó ní ìrántí 128 MB láti lò, kí ó sì ní dráífà irú tuntun kan tí wọ́n ń pè ní WDDM. Dráífà ni ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti káàdì. Bí kò bá sí i, àwọn méjèèjì kò ní gbọ́ èdè ara wọn. RAM kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 1 GB. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo 128 MB yẹn dáadáa. Iye tí XP ní kí odindi kọ̀ǹpútà ní kí ara lè tù ú ni Vista ní kí káàdì àwòrán nìkan rí lò.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò wọ́n kò ní káàdì àwòrán lọ́tọ̀. Ara pátákó ńlá inú wọn ni ẹ̀yà tó ń yàwòrán wà, Intel ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní 915 pọ̀ lọ́jà nígbà náà. 915 mọ DirectX 9, ṣùgbọ́n kò ní dráífà WDDM. Kérésìmesì ọdún 2006 sì ń bọ̀, Vista kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn aráàlú nígbà yẹn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà pé àwọn oníbàárà yóò fọwọ́ lẹ́rán títí yóò fi dé. Microsoft bá gbé sítíkà jáde lọ́dún 2006 náà, kí wọ́n lè máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Èyí tí wọ́n kọ "Windows Vista Capable" sí kò béèrè ju 800 MHz, RAM 512 MB àti DirectX 9 lọ. Wọ́n ti yọ WDDM kúrò nínú ohun tí ó béèrè. Ẹ̀rọ tó lè gbé gíláàsì ní tòótọ́ ni wọ́n ń pè ní "Premium Ready."

Capable túmọ̀ sí pé "ó lè ṣe é." Kí ni ó lè ṣe? Ó lè gbé Vista tó kéré jù, èyí tí kò ní gíláàsì rárá. Bí o bá ní ọmọ kan lè rìn, tí o kò sì sọ pé ìdí ló fi ń wọ́, o kò tíì purọ́, àbí?

Àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Seattle lọ́dún 2007. Nígbà tó di ọdún 2008, ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ Microsoft fúnra wọn di ohun tí gbogbo ayé ń kà. John Kalkman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ti kọ ọ́ pé nítorí kí Intel lè rí iye owó tó fojú sùn pa ní ìdá mẹ́rin ọdún náà, kí wọ́n lè máa ta pátákó tó ní 915, ni àwọn fi sọ ohun tí sítíkà béèrè di kékeré. Mike Nash, igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, fi owó ara rẹ̀ ra laptop tó ní sítíkà, ó sì kọ̀wé pé ẹ̀rọ tí òun fi 2,100 dọ́là rà ti di ẹ̀rọ ímeèlì lásán. Oṣù Kejì ọdún 2008 ni adájọ́ Marsha Pechman gbà kí àwọn oníbàárà jọ pe ẹjọ́ náà pọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni ó gba àṣẹ yẹn padà, kí oníkálùkù lọ máa dá ẹjọ́ tirẹ̀ rò. Kò sí bí aláìní ṣe lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rò.

Bí igbákejì ààrẹ ilé-iṣẹ́ tó ṣe Vista bá lè ra àṣìrà, kí ni ká ti wí nípa ọmọ Igangan tó lọ sí Ìkẹjà?

Ọdún 2008 náà ni. Bàbá Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé, wọ́n sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá àgbà mi ta ẹ̀gúsí ọdún yẹn, ẹ̀gúsí Ìbàràpá tí àwọn oníbàárà ń wá ra láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ká owó náà lé wọn lọ́wọ́. Bàbá Kékeré gba Igbó-Ọrà àti Abẹ́òkúta dé Èkó, wọ́n lọ sí Computer Village ní Òpópónà Òtìgbà. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ pọ̀ sí ju gbogbo ibi tí wọ́n mọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa tòkunbọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde nípa Èkó. Wọ́n ní bíi ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ̀ǹtéénà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ fún àwọn pé ó lè tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò ṣeé tún ṣe. Ìwádìí yẹn ṣáájú Vista, nítorí náà n kò ní sọ pé Vista ló dá àkìtàn Èkó sílẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nígbàkígbà tí Windows tuntun bá béèrè ohun tí ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan lókè òkun kò ní, ẹ̀rọ yẹn kò ní láti bàjẹ́ kó tó wọ kọ̀ǹtéénà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti di àlòkù. Àwa la sì ń gbà á, pẹ̀lú ohun tí kò ní.

Bàbá Kékeré bi oníṣòwò náà bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n nawọ́ sí máa gbé Vista. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, á gbé e dáadáa." Wọn kò béèrè nípa àwòrán. Wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè.

Ọ̀rẹ́ wọn kan mú díìsìkì Vista bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n gbé e sí i lẹ́yìn ìrun àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ń fún un níná, epo tán lẹ́ẹ̀mejì, ìrun Ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kó tó jókòó tán. Ó gbé Vista lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì kankan kò sí, ojú rẹ̀ ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ lóòrùn. Bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà kan, wọn á dúró kó tó hàn. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wá tẹ ìwé ìsìnkú bàbá rẹ̀ dúró títí, ó sú u, ó bá gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà. Ìyá àgbà mi, tí wọn kò mọ̀wé, tí wọ́n sì ti ń gbọ́ "gíláàsì, gíláàsì" láti ọjọ́ tí ọmọ wọn ti ń palẹ̀mọ́ Èkó, wọlé wá, wọ́n wo mọ́nítọ̀ títí, wọ́n ní, "Gíláàsì tí o fowó mi rà dà?"

Ní ọjọ́ kẹta, XP padà sórí rẹ̀. Káàdì àwòrán lọ́tọ̀, RAM tó pọ̀ sí i àti jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé wọn ni ìbá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Owó àwọn mẹ́ta yẹn pọ̀ ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi wo inú Device Manager ẹ̀rọ náà, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 915. N kò bínú sí ẹ̀rọ náà. Ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ó sì ń ṣe é lọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí mi ni pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan ní Igangan nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ilé-ìwé Nàìjíríà. Intel ti ṣe laptop kékeré kan fún ọmọ ilé-ìwé, Classmate PC. Ojú rẹ̀ jẹ́ inṣi 7, RAM rẹ̀ 256 MB, ìpamọ́ rẹ̀ kò ju 2 GB lọ, ẹ̀yà àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ ara ẹbí 915. Vista nìkan ń fẹ́ àyè 15 GB. Lọ́dún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva láti ilẹ̀ Faransé kéde pé ètò Linux tiwọn ni yóò wà lórí 17,000 irú laptop yìí tí ó ń bọ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọ̀gá wọn, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ó ní ẹni tó ń ra ẹ̀rọ ní òun yóò san owó Mandriva o, ṣùgbọ́n òun yóò yọ ọ́ kúrò, òun yóò fi Windows sí i. Inú bí i gan-an nínú lẹ́tà yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn jáde pé àjọ ìjọba wa, USPF, ní Mandriva ni àwọn yóò lò.

Ẹ kíyè sí Windows tí wọ́n ń jà lé lórí. XP ni! Vista ti wà lọ́jà fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n ti polówó rẹ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà, ètò ọlọ́dún mẹ́fà ni wọ́n gbé wá, nítorí kò sí bí laptop yẹn ṣe máa gbé èyí tuntun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, Microsoft fúnra wọn kéde pé àwọn yóò ṣì máa ta XP fún àwọn laptop kéékèèké títí di ọdún 2010.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Microsoft ṣe ìpapọ̀ èdè kan fún Vista, tí yóò yí ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà padà sí Yorùbá. Wọ́n ṣe ti Haúsá àti Ígbò náà. Ìyẹn ni pé Vista gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rọ tí àwa Yorùbá ní Igangan ń lò ni kò lè gbé Vista.

Windows 7 dé ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Ohun tó béèrè ní ti àwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Vista lọ, ẹ̀rọ ti lé e bá, ariwo sì rọlẹ̀. Mo kéré nígbà tí Windows 10 dé, n kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀.

Ọdún 2021 ni mo mọ̀. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni àwọn agbébọn wọ Igangan. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun ààfin, wọ́n sun ilé epo, wọ́n sun ilé àwọn aráàlú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré ṣì dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó pàdánù ènìyàn wọn ń wá tẹ ìwé, XP yẹn ló sì tẹ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń ka orúkọ jáde fún Bàbá Kékeré kí wọ́n má baà ṣì í tẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kan náà ni Microsoft kéde Windows 11. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.

Windows 11 béèrè DirectX 12 àti WDDM 2.0 lọ́wọ́ káàdì àwòrán. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àwòrán ló lé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ jáde, bí kò ṣe ṣíìpù ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0, àti ọjọ́ orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ẹ̀rọ tí kò lè gbé 11 pọ̀ lókè òkun. Mo mọ ibi tí wọ́n ń bọ̀.

Bàbá Kékeré fẹ́ ra mẹ́fà nínú wọn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, ìjọba sì ti sọ pé WAEC náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ kíláàsì mi ni kò tíì di asin kọ̀ǹpútà mú rí. Ìdánwò JAMB kò fẹ́ gíláàsì, ìbéèrè àti ìdáhùn mẹ́rin lásán ni. Ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀ yóò ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, bí a bá rà á ní iye tó yẹ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ̀, tí ẹni tó ń tà á kò sì fi orúkọ Windows 11 gbówó lé e lórí.

Wọ́n ní èmi ni máa bá wọn lọ sí Ìkẹjà ní àkókò ìsinmi. Mo ti kọ ohun tí a máa béèrè sínú ìwé kan: ọdún tí wọ́n ṣe ọpọlọ rẹ̀, iye RAM, TPM, DirectX, àti orúkọ ẹ̀yà àwòrán rẹ̀, kí a rí i pẹ̀lú ojú wa nínú Device Manager kí owó tó jáde. Ìyá àgbà ní kí n kọ "gíláàsì" mọ́ ọn. Mo kọ ọ́.

Orí XP náà ni mo ti kọ́kọ́ tẹ àròkọ yìí. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní ẹ tàbí ọ tàbí ṣ, nítorí náà mo tẹ̀ ẹ́ láìní àmì kankan, mo sì fi báírò fi gbogbo rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ó jáde nínú príńtà.